Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀yìn Ríro ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Lójú mi ni awakọ̀ tírélà kan tó kó àlùbọ́sà wá láti Kánò ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ọjà Máìlì 12 l'Ékòó. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú fúngbà díẹ̀ kó tó lè nàró. Mo ní, "Bàbá, ṣé kò sí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, jẹ̀díjẹ̀dí ni." Àgbo inú ọtí tí wọ́n ń tà ní gárééjì ló ń mu sí i láràárọ̀, kó tó wa ọkọ̀ o!

Èmi ò sọ pé kò sí jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fi ọdún 19 jókòó sórí àga tó ń gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè nípa àga náà rí. Kánò sí Èkó tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà. Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Mọ́kwà sí Jẹ́bà nígbà tó bàjẹ́ mọ̀ pé gígún ni ọ̀nà ń gún awakọ̀ bí iyán.

Ìmì ọkọ̀ kì í dúró sára ọkọ̀. Ó ń gba inú síìtì wọ ìdí, ó ń ti ìdí gun eegun ẹ̀yìn. Ìmì tó máa ń mú ara ẹni tó jókòó jù ni èyí tó ń wáyé bíi ìgbà 4 sí 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìmì ọkọ̀ akẹ́rù kò sì jìnnà sí i. Ẹ rántí ọmọdé lórí jangirọ́fà: bí ẹ bá tì í lásìkò tó yẹ, títì díẹ̀ á gbé e lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ìmì kékeré ṣe ń di ńlá nínú ẹ̀yìn.

Tìmùtìmù kéékèèké ló wà láàárín eegun ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú wọn. Bí kànrìnkàn ni wọ́n rí: ìgbà tí a bá ń rìn, tí a ń dìde, tí a ń dùbúlẹ̀, ni wọ́n ń rí oúnjẹ fà mu. Bí wọn ò bá ráyè, wọ́n á máa gbó, òmíràn á yọ síta, á tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Awakọ̀ á ní ẹsẹ̀ òun ń kú. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló fi ń tẹ bíréèkì.

Láti ọdún 2002 ni òfin ti wà lórí èyí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Bí ìmì tó ń dé ara òṣìṣẹ́ fún wákàtí 8 bá ti ju 0.5 m/s² lọ, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i, 1.15 ni òpin. Níbí, mo ti rí síìtì tírélà tí wọ́n fi àpò ìrẹsì dí ihò rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó, mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi fóòmù rán ọkọ yín lọ. Ìdí lè tù ú, ṣùgbọ́n fóòmù kì í dá irú ìmì yìí dúró. Síìtì tó ní sípíríngì tàbí afẹ́fẹ́ lábẹ́, tí wọ́n yí sí ìwọ̀n ara awakọ̀, ló ń ràn án lọ́wọ́. Dídín eré kù lójú kòtò náà ń ṣiṣẹ́, kò sì gba kọ́bọ̀. Kó máa sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀ lọ́nà. Kó má fò láti òkè ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bó bá sì délé, ẹ má tíì ní kó gbé àpò iṣu tó rà bọ̀ wọlé, nítorí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé e.

Bó bá ní òun kò mọ ìdí àti abẹ́ òun lára mọ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ há tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má yà lọ́dọ̀ alágbo.

Bàbá alálùbọ́sà ní òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀ síìtì yẹn. Ó ní kí n má kọ orúkọ òun ṣá o.