Ta Ló Jìyà Ìwo Tó Wà Lára Ògiri?

Yorùbá ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Òwe yìí yẹ ààfin Sarre, ilé ńlá kan ní àfonífojì Aosta, láàárín àwọn òkè Alps ní Ítálì, tí Ọba Vittorio Emanuele Kejì rà ní ọdún 1869, tí ó sì ń ti ibẹ̀ gbéra lọ ṣọdẹ ní òkè Gran Paradiso. Umberto Kìíní, ọmọ rẹ̀, ni ó fi ìwo ẹran ṣe gbọ̀ngàn kan lọ́ṣọ̀ọ́: ìwo ibex, èyí tí í ṣe ewúrẹ́ igbó orí àpáta, àti ti chamois tí ó kéré jù ú lọ. Lónìí, ìjọba agbègbè náà ló ni ilé ọ̀hún, ará ìlú sì ń wọ̀ ọ́ wò.

Ṣíṣí tí a ṣí ilẹ̀kùn kò burú. Èyí tó burú ni pé ọba tí à ń kí kú iṣẹ́ ọdẹ kò jìyà ọdẹ. Àwọn ará abúlé ni ó ń da ẹran wá síbi tí ó lúgọ sí pẹ̀lú ìbọn. Òfin ọdún 1821 ti ka pípa ibex léèwọ̀ nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, ṣùgbọ́n ní ọdún 1856 òkè náà di ilẹ̀ ọdẹ ọba, tó fi jẹ́ pé tálákà tó bá pa ẹyọ kan di olè, ọba tó pa àìmọye sì di akọni.

Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ọdẹ yìí ló di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Ítálì ní ọdún 1922, àti pé ibẹ̀ ni irú ibex tó tún tàn ká òkè Alps ti wá. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹran kí òun nìkan lè rí i pa kò tíì di aláàánú ẹran.

Ẹ wá wo ìwà àlejò ìsinsìnyí! Wọn a dúró sábẹ́ ìwo, wọn a yọ fóònù, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ya fọ́tò. Wọn a béèrè ibùsùn ọba, wọn a béèrè àwo tí ó fi jẹun, wọn a tún padà wá ya òmíràn nítorí pé ẹnìkan ṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í rántí pé ìwo méjì-méjì, orí ẹran kọ̀ọ̀kan ni, àti pé lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan ni ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó gun àpáta wà. Ṣé ojú kì í ti ènìyàn ni?

Kí afinimọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọ̀dọ̀ àwọn tó da ẹran, kí ó tó kan ẹni tó yìnbọn. A ti pín ẹran náà jẹ báyìí. Ìyà rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì rò.