Ta ló ni kóòdù tó wà nínú mítà yín?

Ẹ ó rántí oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Gbàgádà kan ilẹ̀kùn mi, ó na fóònù sí mi: "Lọ́yà, jọ̀ọ́, wá bá mi tẹ nọ́ḿbà yìí, ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Nọ́ḿbà 20, lẹ́yìn náà 20 mìíràn, kí a tó wá tẹ 20 ti kírẹ́díìtì tó rà gan-an. Ọgọ́ta nọ́ḿbà, nítorí iná!

Kí ló fà á? Mítà tí à ń ra kírẹ́díìtì sí ń lo ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní STS, South Africa ló ti bẹ̀rẹ̀. Tókìn kọ̀ọ̀kan ní òǹkà ìṣẹ́jú nínú, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òǹkà yẹn kò gbà ju 16,777,216 lọ, ó sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 2024. Mítà tí wọn ò bá tẹ nọ́ḿbà àtúntò sí kò ní gba tókìn mọ́. Èyí tí wọ́n tún tò ti ń ka tirẹ̀ láti 2014, òun náà á kún lóṣù Kọkànlá 2045. (Ẹ̀yin ọmọ tuntun, ẹ máa múra.)

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni ọ̀rẹ́ mi kan. Òun àtàwọn méjì gba yàrá kan ní Gbàgádà níbí, wọ́n ń kọ sọ́fúwíà. Kì í ṣe ti fóònù o. Èyí tó ń gbé inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni, nínú ṣíìpù kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Oníbàárà wọn kan ń ta sólà fáwọn tó ń san owó díẹ̀díẹ̀: tí o bá sanwó, iná á wá, tí o ò bá san, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀. Kóòdù wọn ló ń ṣe ìpinnu yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ìwé àdéhùn wá fún mi. Owó kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kóòdù náà di ti oníbàárà títí ayé, síbẹ̀ àwọn ló máa tún un ṣe nígbàkígbà tó bá bàjẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Mo ní, "Má tíì fọwọ́ sí i."

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wa ti ọdún 2022 dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà bí ó ṣe dáàbò bo ìwé. Tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ fún ọ, tí o kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìwọ tí o kọ ọ́ lo ni ín, àyàfi tí àdéhùn tí ẹ kọ sílẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ni "nǹkan mìíràn" yẹn gan-an. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn.

Àwọn kan á ní ṣebí kó gba owó, kó tún kọ òmíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mítà ti wọlé. Áàpù orí fóònù yín lè yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ ara ògiri lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó mọ inú rẹ̀. Owó tó wà nínú títọ́jú kóòdù lè ju owó kíkọ rẹ̀ lọ, òun sì ni ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi ta ọrẹ.

Iṣẹ́ kò sì wọ́n. Láti oṣù Kẹrin 2024 tí owó iná àwọn ará Band A ti fò láti ₦68 sí ₦225 fún yúnítì kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí mítà rẹ̀ ṣìṣe. MOJEC ń ṣe mítà l'Ékòó, MEMMCOL ń ṣe é nípìńlẹ̀ Ògùn. Lumos àti Arnergy ń ta sólà. Lóṣù Kẹjọ 2025, Báńkì Àpapọ̀ (CBN) pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀rọ POS máa fi ibi tó wà hàn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, mi ò ní gbọ́kàn lé POS: ilẹ̀ China ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, àwọn tó ṣe é ló sì di kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ mú. Sólà àti mítà ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ṣíìpù, a sì mọ ohun tójú náírà ti rí láti oṣù Kẹfà 2023. Kóòdù nìkan ni ohun tí wọ́n ń fi náírà ṣe níbí.

Oníbàárà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ o. Ọmọkùnrin mẹ́ta nínú yàrá kan. Tí wọ́n bá tú ká ńkọ́? Tí wọ́n bá japa? Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ padà nìyí: kóòdù ṣì jẹ́ tiwọn, oníbàárà á san iye kan lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, á sì máa san owó ìtọ́jú lọ́dọọdún, ẹ̀dà kóòdù náà á wà lọ́wọ́ ẹnì kẹta, tí yóò gbé e fún oníbàárà kìkì tí iléeṣẹ́ wọn bá kógbá sílé.

Títí di àná, oníbàárà kò tíì fèsì. Ọ̀rẹ́ mi pè mí lálẹ́. Kò bi mí nípa òfin. Ó ní owó ilé máa pé lóṣù tó ń bọ̀, pé àwọn méjì yòókù ti ń béèrè owó oṣù, ṣé kò ní dáa kóun kàn fọwọ́ sí i báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi di ọjọ́ Ẹtì.