Ta ló yẹ kó rán ọmọ tálákà níléèwé?

Ní Òkè-Àdó wa níbí, n'Ìbàdàn, ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune wà, èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1949. Ìjọba tí baba yìí ṣáájú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955. Owó orí aráàlú wà lára ohun tí wọ́n fi gbé e ró.

Lónìí ńkọ́? Ní Mákòókò, l'Ékòó, àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà wọ iléèwé. Otto Orondaam ló dá ẹgbẹ́ wọn, Slum2School, sílẹ̀ lọ́dún 2012. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ń ṣe, mo kí wọn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Òfin ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ aláàánú ló ń ra báírò? Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lè ríṣẹ́ lọ́la, ó sì lè jápa. Ọmọ tó ń kọ́ ńkọ́? Ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀ ò tíì pé.

Ẹ má dáwọ́ ìtọrẹ dúró o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ìwé lọ fún iléèwé kan, ẹ yà lọ́dọ̀ káńsẹ́lọ̀ yín, kẹ́ ẹ bi í pé: olùkọ́ mélòó ló wà níbẹ̀, ta ló sì ń sanwó wọn?