Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Jáde Nígbà Ọyẹ́

Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ní oṣù Kejìlá, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè, ibi tí wọn yóò kó ọmọ sí ni ọ̀pọ̀ òbí ń wá. Àwọn kan fi wọ́n sí ẹ̀kọ́ àfikún. Àwọn mìíràn fi wọ́n ti tẹlifíṣọ̀n. Bí olùkọ́ bá wá ní kí ọmọ kọ àròkọ lórí ìsinmi rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ju ìlà mẹ́rin lọ. Ẹ̀bi ọmọ kọ́.

Ẹ wo Ìkọ́gòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ọmọ tí ó bá ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, tí ó ki èkejì bọ tútù, ní òwúrọ̀ ọyẹ́, yóò béèrè ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ òbí dé nìyẹn: kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé bí ooru inú ilẹ̀ ṣe ń mú omi gbóná, kí ó sì pa ìtàn orogún méjì, onínúfùfù àti oníwà tútù, tí wọ́n ní ó di omi. Òbí tí ó kàn ń ya fọ́tò, tí ó ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́, owó ọkọ̀ lásán ni ó ná.

Lóòótọ́, owó ọkọ̀ ti wọ́n. Ọmọ Abẹ́òkúta ní òkè Olúmọ nítòsí. Ọmọ Òṣogbo ní igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹni tí kò lówó rárá lè mú ọmọ lọ sí oko bàbá àgbà, kí wọ́n jọ yáná ní ìdájí, kí ọmọ sun iṣu jẹ, kí bàbá àgbà sì máa dárúkọ igi tí wọ́n fi dáná.