ẸNI TÍ ÒÒYÌ Ń KỌ́, Ẹ MÁ PÈ É NÍ Ọ̀MÙTÍ

 

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ní ìlà aláta bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mutí yó, ó ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún. Ẹyinjú rẹ̀ ń jó, kò dúró sójú kan. Tó bá fẹ́ jẹun, àgbọ̀n rẹ̀ á há. Kí la ṣe? A rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń kọ èyí náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ọtí ni, àwọn kan ní orogún ló fi ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sílé alágbo, wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà, oṣù mẹ́rin kọjá. Ìgbà tí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kókó ló wà lọ́mú rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Jẹjẹrẹ ni.

Ẹ ó ní, kí ló kan ọmú kan ojú tó ń jó? Àwa náà béèrè, wọ́n sì ṣàlàyé fún wa. Ọlọ́run fi sójà sínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àìsàn jà. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ á gbé ohun kan wọ̀ tó jọ ti inú ọpọlọ. Ó dà bí ìgbà tí olè bá ra ankó ẹgbẹ́ wa wọ̀. Tí ọdẹ ọjà bá yọ kóńdó, gbogbo ẹni tó wọ ankó yẹn ló máa lù, àtolè àtonísọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni sójà ara ṣe ń lu ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ń darí ẹyinjú, mímí, àti gbígbé oúnjẹ mì. Kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ti dé orí o. Kókó lè kéré lọ́mú, kí ìjà ti le nínú orí.

Lọ́dún 1991 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ ọ́ síwèé pé àwọn rí sójà kan náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tójú wọn ń jó báyìí, tí ọ̀pọ̀ wọn ní jẹjẹrẹ ọmú. Anti-Ri ni wọ́n pè é. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró náà lè fa irú ìjà yìí, ti kóró ẹpọ̀n ọkùnrin náà lè fà á.

Ẹ má fòyà o, àìsàn náà ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ibà, àti ebi pàápàá máa ń fa òòyì. Ṣùgbọ́n dókítà ló lè mọ èyí tó jẹ́, kì í ṣe ẹnu ọjà. Wọ́n á tọ́jú jẹjẹrẹ náà, wọ́n á sì lo oògùn tó ń pẹ̀tù sí àwọn sójà. Àmọ́ ibi tó bá ti kú nínú ọpọlọ kì í hù padà. Oṣù mẹ́rin tí a fi ń sọ̀rọ̀ ayé, oṣù mẹ́rin tí sójà fi ń lù ú ni.

Èrò wa rèé. Tí ọ̀kan nínú wa bá kú, kì í pé ọjọ́ mẹ́ta ká tó yan ankó. Tó bá ń ṣàìsàn, a ó ní kó dúró de ìpàdé. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Kí owó ẹgbẹ́ máa san owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Tójú ẹnìkan bá ń jó, tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, tẹ́sẹ̀ kò gbé e, kí aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ mú un lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Kí kálukú wa sì máa fọwọ́ wo ọmú rẹ̀ lóṣooṣù. Tẹ́ ẹ bá rí kókó, ẹ má fi pamọ́.

Ìyá aláta wa ti padà sí ìsọ̀. Igi ló fi ń rìn, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a tajà. Ẹ yà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ ra ata, ẹ sì tọrọ àforíjì. Àwa ti lọ tọrọ tiwa.

Ajé á máa jẹ́ tiwa, àlàáfíà kò ní jìnnà sí wa o. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́