Kọ́ńtíráàtì àbí iṣẹ́ oṣù? Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó máa yẹ kóòdù yín wò

1/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan ní Bódìjà níbí fi offer méjì hàn mí. Ọ̀kan jẹ́ kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́fà, $500 lóṣù, látilé. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ oṣù ní ilé iṣẹ́ kékeré kan, ₦250,000. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí tún gba àròjinlẹ̀ ni?" Mo ní ó gbà á. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

2/ Mo mọ ohun tó ń wọ̀ ọ́ lójú. Níbẹ̀rẹ̀ 2023, tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ $500 ní báńkì, nǹkan bíi ₦230,000 ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti lé ní ₦700,000. Èmi náà sáré tẹ̀ lé e. Oṣù márùn-ún péré ni mo lò nídìí iṣẹ́ oṣù kí n tó lọ gba kọ́ńtíráàtì.

3/ Owó wọlé, mi ò ní purọ́. Mo ra inverter, mo san owó ilé. Àmọ́ fún oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó ka kóòdù mi. Tó bá ti ṣáà ti ṣiṣẹ́, oníbàárà ò bèèrè nǹkan míì. Lọ́jọ́ kan, ìmeèlì ìlà mẹ́ta dé: iṣẹ́ ti tán. Mo lọ fún interview, wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń kọ test. Mo kàn ń wojú wọn. Mi ò kọ test rí.

4/ Ẹ dé ìsọ̀ kápẹ́ńtà nítòsí ọjà pákó Bódìjà. Ọmọ iṣẹ́ á gé pákó, ọ̀gá á wò ó, á ní, "Ó wọ́. Tún un gé." Pákó kan ṣòfò, ọmọ iṣẹ́ gbọ́n sí i. Ẹni tó wá ra àga ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kan àga. Tí kò bá dáa, á gba ìsọ̀ ẹlòmíì lọ. Oníbàárà kọ́ńtíráàtì nìyẹn.

5/ Ẹnìkan á ní, "Ṣebí wọ́n ń lé èèyàn níbi iṣẹ́ oṣù náà." Òótọ́ ni. Andela bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2014: wọ́n ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkè òkun. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, wọ́n kéde pé iye tó lè tó 400 máa lọ ní Nàìjíríà, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà. Àwọn junior ló kàn. Nítorí náà, ẹ má torí ìfọ̀kànbalẹ̀ gba iṣẹ́ oṣù. Ẹ torí ẹ̀kọ́ gbà á. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ yín, ohun tẹ́ ẹ kọ́ níbi code review ò ní bọ́.

6/ Iṣẹ́ oṣù tí kò ní senior kankan, tó jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ máa kọ backend, lẹ máa tún printer ṣe, lẹ máa tan jẹnẹrétọ̀? Ẹ yáa gba dọ́là. Kọ́ńtíráàtì tó bá sì wà láàárín team tó ń ka PR yín dáadáa, ẹ sáré gbà á.

7/ Ẹ ṣírò náà o. Lábẹ́ òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014, ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 10% owó oṣù yín kún pẹ́ńṣọ̀n yín, ẹ̀yin á fi 8% sí i. Ní kọ́ńtíráàtì, ẹ̀yin nìkan ni. Iná, data, laptop, oṣù tí iṣẹ́ ò sí: gbogbo ẹ̀ wà nínú $500 yẹn.

8/ Mo ní kí àbúrò bi ibi méjèèjì pé, "Ta ló máa yẹ kóòdù mi wò?" Ilé iṣẹ́ ní senior méjì wà. Oníbàárà ní, "Mo fọkàn tán ẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní owó school àbúrò òun ń dúró. Mi ò lè bá a jiyàn lórí ìyẹn. Tó bá jẹ́ àìní ló ń lé yín, ẹ gba dọ́là, kò sí ẹ̀bi ńbẹ̀. Àmọ́ ẹ wá ọ̀gá síbì kan: open source, tàbí ẹ̀gbọ́n kan tó máa ka kóòdù yín lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́jọ láìsí ẹni tó ní, "Ó wọ́. Tún un gé."

Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ kọ́kọ́ gbà, ṣé ẹ kábàámọ̀?