Nígbà Tí Balógun Pápá Bá Di Akọ́nimọ̀ọ́gbá



Ìyá kan nínú ìjọ wa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa nípa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọmọ náà ní òun kò padà sí ilé-ìwé mọ́, bọ́ọ̀lù ni òun yóò fi jẹun. Bàbá rẹ̀ ní bí ó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, pàṣán ni yóò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun kan tí ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí a lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó ní kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù lásán ni òun fẹ́ jẹ́. Òun fẹ́ jẹ́ balógun ikọ̀, bí ọjọ́ orí bá sì dé, kí òun di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni tí àwa tí a kàwé Faransé ń pè ní entraîneur. Ọmọ tí ó lè ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn, nínà kọ́ ni ó yẹ ẹ́. Ó yẹ kí a jókòó tì í, kí a sọ fún un bí iṣẹ́ tí ó ń wò náà ti rí.

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ lè là wá lójú lórí èyí ju Stephen Keshi lọ. Ìlú Azare ní ìhà àríwá Nàìjíríà ni a ti bí i ní 1962, ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n ní Èkó ni ó ti lọ sí St Finbarr's College. Ilé-ìwé Kátólíìkì ni. Fadá Denis Slattery, ọmọ Áílándì, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1956, nínú ẹgbẹ́ SMA kan náà tí ó rán Fadá Borghero wá sí Ouidah tiwa níhìn-ín ní 1861. Fadá Slattery jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn, ó sì tún ń fọn fèrè lórí pápá gẹ́gẹ́ bí adájọ́ bọ́ọ̀lù. Ìwé, bọ́ọ̀lù àti ẹ̀kọ́ ìwà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ilé-ìwé rẹ̀ fi lókìkí, a kò sì ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ẹ̀yìn ni Keshi ń gbá, níwájú ẹni tí ń ṣọ́ ilé. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ a máa rí gbogbo pápá, bí bàbá tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ó ń wo àwọn ọmọ nínú àgbàlá. Òun ni ó ń pè wọ́n, òun ni ó ń tò wọ́n, òun náà ni ó ń bá wọn wí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Big Boss. Ní 1985 àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà fi òfin dè é pé kò dé àgọ́ ìgbáradì ní àkókò. Ọ̀dọ́mọkùnrin míràn ì bá jókòó sílé kí ó máa sunkún. Òun sọdá sí Abidjan, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan àti Africa Sports. Láti ibẹ̀ ó dé Lokeren àti Anderlecht ní Bẹ́ljíọ̀m, lẹ́yìn náà Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tọ̀ lọ sí Yúróòpù. Ní 1994, nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Áfíríkà ní Tùnísíà, òun ni balógun ikọ̀.

Títí débí, ìtàn náà dùn mọ́ ọmọ wa létí. Ibi tí ó kù ni kí ó fi ara balẹ̀ gbọ́.

Ní 2004 àwọn ará Tógò, aládùúgbò wa, gbé ikọ̀ wọn lé Keshi lọ́wọ́. (Èdè Faransé tí ó ti gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ó fi bá àwọn ọmọ Lomé sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń sá fún ìwé kíkà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.) Tógò kò tíì dé Ife Àgbáyé rí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 2005, wọ́n ṣẹ́gun Congo ní Brazzaville pẹ̀lú góòlù 3 sí 2, ọ̀nà Jámánì sì ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ijó bẹ́ ní Lomé. Ní oṣù Kìíní 2006 wọ́n lọ sí Ife Áfíríkà ní Íjíbítì, wọ́n sì pàdánù ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láìpẹ́ sí i wọ́n ti ní kí Keshi máa lọ. Otto Pfister, ọmọ Jámánì, ni ó kó ikọ̀ náà lọ sí Ife Àgbáyé. Gúúsù Kòríà, Switzerland àti Faransé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ṣẹ́gun wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti rí. Ẹnì kan a ṣán oko, a kọ ebè, a gbin iṣu. Ní ọjọ́ tí a ó wa á, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọkọ́ wà. Olúwa wa ti bá àwọn àpọ́sítélì sọ̀rọ̀ nípa afúnrúgbìn àti olùkórè létí kànga ní Samáríà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ àwọn méjèèjì jọ ń yọ̀ ni. Lórí pápá bọ́ọ̀lù, a kò tíì rí i kí wọ́n jọ yọ̀.

Ẹ má sì rò pé Keshi nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Shuaibu Amodu rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú Nàìjíríà yege fún Ife Àgbáyé ti 2002, ó sì ṣe ipò kẹta ní Ife Áfíríkà ní Màlì ní ọdún kan náà. Wọ́n yọ ọ́. Adégbóyè Onígbìńdé ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni bàbá yìí, òun ni ó sì mú Nàìjíríà dé ìdíje àṣekágbá Ife Áfíríkà ní Abidjan ní 1984. Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo fún un: ta ni ó lè tún ikọ̀ mọ láàrin oṣù díẹ̀? Ní 2010, ẹ̀wẹ̀, Amodu ti mú Nàìjíríà yege fún Ife Àgbáyé, ó tún ṣe ipò kẹta ní Angola, wọ́n tún yọ ọ́. Lars Lagerbäck, ọmọ Sweden, ni ó kó ikọ̀ lọ. Máàkì kan ṣoṣo ni Nàìjíríà rí mú bọ̀ láti Japan ní 2002. Máàkì kan ṣoṣo náà ni wọ́n rí mú bọ̀ láti Gúúsù Áfíríkà ní 2010. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lé ọkùnrin náà, wọ́n ní kò tó.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwà àwa ará Áfíríkà ni èyí. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa: ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣe sọ́nsọ́, wọn a sì máa kọ lu ara wọn bí àgbò. Nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní quarterback. Ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń dé. Òun ni ó ń sọ fún àwọn yòókù ibi tí wọn yóò sá gbà, òun ni ó sì ń jù ú sí wọn. Balógun ni lóòótọ́. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn aláwọ̀ funfun tí ó ni àwọn ikọ̀ náà kì í fẹ́ fi ipò yìí fún aláwọ̀ dúdú. Wọ́n gbà pé ó lè sáré, wọ́n gbà pé ó lágbára, ṣùgbọ́n pé kí ó máa ronú fún àwọn tó kù, wọn kò gbà á.

Tony Dungy, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Michigan ní 1955, jẹ́ quarterback ní Yunifásítì Minnesota. Nígbà tí ó jáde ní 1977, kò sí ikọ̀ kan tí ó yàn án. Àwọn ará Pittsburgh gbà á nígbẹ̀yìn, wọ́n sì fi í sí ẹ̀yìn kí ó máa dènà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Warren Moon, ní láti lọ sí Kánádà ní 1978, ọdún mẹ́fà ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kí Amẹ́ríkà tó gbà pé quarterback ni. Dungy kò jà, kò sì sá. Ó gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú Pittsburgh, ó sì kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá láti ìsàlẹ̀. Ní 1996 wọ́n fún un ní ikọ̀ Tampa Bay, tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó sọ wọ́n di ikọ̀ tí a ń bẹ̀rù. Ní oṣù Kìíní 2002 wọ́n lé e. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Jon Gruden kó àwọn ọmọ tí Dungy ti tọ́, ó sì gba ife ńlá pẹ̀lú wọn. Ẹ ò rí i bí? Lomé àti Tampa, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 2007, Dungy fi ikọ̀ Indianapolis gba ife náà, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lovie Smith tí ó wà ní ìhà kejì pẹ̀lú jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀dọ̀ Dungy ní Tampa ni ó sì ti ṣiṣẹ́ rí.

Keshi náà padà kórè lẹ́ẹ̀kan. Ní òpin 2011 Nàìjíríà pè é wá sílé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2013, ní Johannesburg, góòlù kan tí Sunday Mba gbá wọlé ni wọ́n fi ṣẹ́gun Burkina Faso, wọ́n sì gba Ife Áfíríkà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti gbà á rí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì. Keshi ni ó ṣìkejì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ayọ̀ náà, ó ní òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti gbọ́ pé àwọn kan ti ń wá ẹni tí yóò gba àyè rẹ̀ nígbà tí ìdíje ṣì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó padà. Síbẹ̀ ní ọdún náà gan-an ó ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìgba owó. Ó mú wọn dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún ní Ife Àgbáyé 2014, Faransé sì lé wọn jáde. Ní 2015 wọ́n lé òun náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ìyàwó rẹ̀, Kate, kú. Ní oṣù Kẹfà 2016 Keshi kú ní ìlú Ìbíní, ẹni ọdún 54. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Amodu kú. Kí Ọlọ́run fún wọn ní ìsinmi.

Nígbà tí ó wà láyé, Keshi sọ ní gbangba pé owó ni púpọ̀ nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ funfun ń bá wá sí Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ náà le, a kò sì lè gbà á tán. Michel Dussuyer, ọmọ Faransé, ni ó mú àwọn Écureuils tiwa ṣẹ́gun Morocco ní 2019 tí a fi dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ní kò ṣe nǹkan kan, irọ́ ni ó pa. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ mú orílẹ̀-èdè Benin dé Ife Áfíríkà, ní 2004? Cecil Jones Attuquayefio ni, ọmọ Ghana, aláwọ̀ dúdú bí tiwa. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ orúkọ rẹ̀?

Ìyá wa, ìdáhùn wa fún yín nìyí. Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́, iṣẹ́ ni. Ẹ sọ fún un pé ẹni tí ó bá gbá a dé ọdún márùndínlógójì ti gbìyànjú, àti pé orí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà: yóò kọ ìwé, yóò ka ìwé àdéhùn kí ó tó fọwọ́ sí i, yóò sì bá àwọn ọ̀gá tí ó fẹ́ lé e sọ̀rọ̀ láìbínú. Ikọ̀ Buffles wà níhìn-ín ní Parakou. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dára, àwọn tí ó mọ̀ yóò rí i láìjẹ́ pé ó fi kíláàsì sílẹ̀. Bí àlejò kan bá sì wá, tí ó ní kí ẹ ta ilẹ̀ kí òun mú un lọ sí Yúróòpù, ẹ bi í léèrè òfin FIFA, èyí tí kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kọjá ààlà lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí a là sílẹ̀. Ẹ máa wo ojú rẹ̀ bí ó bá ti ń dáhùn.

Bàbá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé pàṣán yẹn sílẹ̀. Ẹ mú un wá bá wa ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ katikísímù, kí ó sì mú ìwé BEPC rẹ̀ dání.